Ìṣẹ́jú Àáyá Kan

Aago méje kọjá díẹ̀ láàárọ̀. Òjò ìdájí ti dá, pápá kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn obìnrin sì tutù rinrin. Bàbá Ọlọ́dà gbé garawa ọ̀dà funfun kalẹ̀, ó ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ sókè, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìlà yí ojú ọ̀nà eré sísá ká.

Ọdún kẹsàn-án rèé tó ti ń tọ́jú pápá náà. Òun ló ń gé koríko, òun ló ń di àwọ̀n tó bá já, òun ló ń ṣa òkúta wẹ́wẹ́ kúrò lọ́nà. Ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́dún ló ń fa ìlà. Ọ̀dà máa ń pa koríko, òjò a sì gbẹ́ ibi tó kú náà di kòtò tẹ́ẹ́rẹ́, nítorí náà ẹ̀yìn ìlà àtijọ́, lápá òde, ló ń fa tuntun sí, kí ẹsẹ̀ àwọn ọmọ má baà kó sí kòtò. Láti ìgbà tó ti débẹ̀, ẹnikẹ́ni kò fi ẹsẹ̀ rọ́ níbẹ̀ rí.

Ọmọbìnrin kan ti ń na iṣan ẹsẹ̀ lẹ́bàá òpó àwọ̀n. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é. Ọdún tó máa jáde nìyí. Inú àwọn tó bá lọ sí ìdíje àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ni ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ eré ìdárayá ti ń ṣa ọmọ, ibẹ̀ ló sì fẹ́ lọ. Bí kò bá rí i lọ, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ti gbé ẹ̀rọ ìránṣọ kejì kalẹ̀ dè é.

“Bàbá, ẹ kúuṣẹ́ o. Ṣé ọ̀dà yìí ò ní lẹ̀ mọ́ mi ní bàtà?”

“Ọ̀hún ti gbẹ. Má wá àwáwí, máa sáré.”

Olùkọ́ eré ìdárayá dé pẹ̀lú aago lọ́rùn. Ìyá Fèrè ni wọ́n ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Akẹ́kọ̀ọ́ ni òun náà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wọn ọ̀nà eré náà. Ó yí i po lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú kan géérégé, orúkọ rẹ̀ sì wà lára ògiri gbọ̀ngàn títí di òní. Òfin ni pé ẹni tí kò bá sá a ní ìṣẹ́jú kan kò ní lọ sí ìdíje. Láti ìgbà náà, ẹnì kan kò tíì lọ.

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ sáré yí pápá po.

“Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin lo fi lé,” ni Ìyá Fèrè wí.

Òjò lé wọn wọ gbọ̀ngàn fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Àwọn yòókù ń gbá bọ́ọ̀lù orí tábìlì. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ní tirẹ̀ ń sáré gun àtẹ̀gùn ilé ibùgbé wọn, ó ń sáré sọ̀ ọ́, títí alámòójútó ilé fi yọjú.

“Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o fẹ́ wólé lé wa lórí ni?”

“Ẹ má bínú, mà. Ó ku ìgbà mẹ́wàá.”

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, tí koríko pọ́n, ó ti dín in kù sí àáyá méjì. Ibẹ̀ ló dúró sí. Àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá ń fi ṣe yẹ̀yẹ́.

“Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, kó òkúta sápò. Afẹ́fẹ́ ló ń gbé ẹ padà sẹ́yìn.”

Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ń jí ṣáájú àwọn ẹyẹ, ó dín oúnjẹ kù, ó tún fi kún un. Bàbá Ọlọ́dà fa yípoyípo onírin tó fi ń tẹ ilẹ̀ pẹrẹsẹ kọjá lórí ọ̀nà náà lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ kan nítorí tirẹ̀. Nígbà tí ìdánwò ìkẹyìn sún mọ́lé, ó fa ìlà tuntun.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò eré náà, òtútù mú. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ sáré, ó dé òpin, ó sì ṣubú lórí eékún.

“Àáyá kan,” ni Ìyá Fèrè wí. Ó wo aago náà bí ẹni pé aago gan-an ló já òun kulẹ̀. “Àáyá kan péré. Kí ló ń ṣe ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí gan-an? Mo sá a lórí pápá yìí kan náà, bàtà mi sì ti lu.”

“Mà, kò sí nǹkan kan tó ṣẹ́ kù nínú mi.”

“Wọ́n á ṣe ìdíje náà láìsí ẹ nìyẹn. Ẹ̀kọ́ ti parí, máa palẹ̀ mọ́.”

Nígbà tó di ọ̀sán, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ gbé àpótí rẹ̀ kọjá létí pápá, ó ń lọ sí ibùdókọ̀. Ó dúró lọ́dọ̀ Bàbá Ọlọ́dà.

“Bàbá, ẹ ṣé gan-an ni. Ẹ gbìyànjú lórí mi.”

“Àáyá kan kì í ṣe nǹkan, ọmọ mi.”

“Òun náà ló gbé mi lọ sílé yìí.”

Kò tíì ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ lẹ́yìn tó kúrò níbẹ̀ tí ọkùnrin tó fẹ́ fi wáyà yí ọ̀nà eré náà ká fi dé. Ó ti kẹ̀kẹ́ ìwọnlẹ̀ rẹ̀ yí i po, ó bẹ̀rẹ̀ wo nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀, ó sì tún un tì lẹ́ẹ̀kejì.

“Bàbá, ẹ sọ pé irinwó mítà ni.”

“Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe wọ̀n ọ́n.”

“Ó fi mítà mọ́kànlá lé. Ẹni tó ń fa ìlà yín ló ń sún un síta díẹ̀díẹ̀. Ta ni?”

Bàbá Ọlọ́dà ju búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, ó sì sáré gba ọ̀nà ibùdókọ̀ lọ.