Àforíjì Tàíbátù

Ọdún kẹrìnlá rèé tí Tàíbátù àti Ṣùkúrátù ti jọ ń ta ìpara àti ọṣẹ nínú ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo ní ọjà Okaishie. Lọ́dún yìí, orúkọ Tàíbátù wọ ìwé àwọn tó ń lọ sí Mẹ́kà. Àyẹ̀wò ọkàn nìkan ló kù.

“Ẹ̀jẹ̀ ríru mi ò ní jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ sí i,” ló wí fún Ṣùkúrátù. “Ìyá Mutmainah, bá mi lọ dùbúlẹ̀ níbẹ̀. Ìwọ tó o rí tín-ín-rín bí ọwọ̀ yìí, kí ló fẹ́ ṣe ọkàn ẹ?”

“Ẹ má ṣáà gbàgbé mi nínú àdúà o, Alhaja.”

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Ṣùkúrátù wọ híjáàbù Tàíbátù, ó sì jẹ́ orúkọ rẹ̀. Wọ́n lẹ wáyà mọ́ ọn láyà. Nọ́ọ̀sì ò wojú ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ṣùgbọ́n ó tẹjú mọ́ pépà tó jáde lára ẹ̀rọ fún ìgbà pípẹ́.

Tàíbátù fúnra rẹ̀ ló lọ gba èsì lọ́jọ́bọ̀.

“Ó yege,” ló sọ. Kò jókòó.

Láti ọjọ́ náà, kò jẹ́ kí Ṣùkúrátù gbé páálí ọṣẹ mọ́. Àwọn kayayoo tó ń fi orí rẹrù ló ń pè. Lọ́sẹ̀ kejì, Àmínátù tó ń ránṣọ lódìkejì wọ híjáàbù Tàíbátù jáde láàárọ̀, kò sọ ibi tó ń lọ.

Párì ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń ro Ṣùkúrátù. Ó ń làágùn nídìí fáànù. Ó lọ yọ eyín kan ní Kaneshie. Ìrora náà ò lọ.

Nígbà tó ku ọ̀la kí wọ́n gbéra, Tàíbátù ń tọrọ àforíjì láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù, bí gbogbo arìnrìn-àjò Mẹ́kà ṣe ń ṣe. Nígbà tó kan Ṣùkúrátù, ó kúnlẹ̀.

“Háà! Àǹtí, ẹ dìde! Kí lẹ ṣẹ̀ mí? Àfi waakye mi tẹ́ ẹ jẹ lánàá.”

“Sọ pé o dárí jì mí.”

“Mo dárí jì yín, láyé lọ́run.”

Lẹ́yìn tí ọkọ̀ òfuurufú ti gbéra, Ṣùkúrátù ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú dúrọ́ọ̀ Tàíbátù. Pépà kan wà lábẹ́ àwọn ọṣẹ, tí wọ́n ká sí mẹ́rin. Mutmainah, ọmọ rẹ̀, ló kà á fún un.

“Herh! Mama, orúkọ Alhaja ló wà níbí o. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ò dé ọkàn ẹ̀ dáadáa. Kó má gbé ẹrù wúwo, kó padà wá kíákíá. Ẹ pè é!”

“Ọjọ́ wo ni wọ́n ṣe é?”

“Ọjọ́ Ìṣẹ́gun.”

Ṣùkúrátù fọwọ́ lé àyà, ó rántí bí àwọn wáyà yẹn ṣe tutù lára òun.