Ẹ̀fẹ̀ Lasina ní Ìdí Bọ́ọ̀sì

Lasina Toé kì í ṣe olè, kì í sì í ṣe ìkà ènìyàn. Àléébù kan ṣoṣo ló ní: kò mọ ibi tó yẹ kí ẹ̀fẹ̀ dúró sí. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa, nítorí ilé kan náà la jọ gbé ní Wagadugu, olú-ìlú Burkina Faso, nígbà tí a wà ní yunifásítì. Ẹ lè sọ pé àléébù yẹn kéré. Ohun tó gbà lọ́wọ́ rẹ̀ kò kéré rárá.

Ilé tí wọ́n kó àwa akẹ́kọ̀ọ́ sí jìnnà sí ibi tí a ti ń kẹ́kọ̀ọ́, kìlómítà méjìlá gbáko nínú pápá gbígbẹ. Bọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló ń gbé wa láàárọ̀. Bó bá ti kún, ó di ọ̀sán. Nítorí náà, bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, oníkálukú á gbé òkúta tó kọ orúkọ ara rẹ̀ sí lọ sórí ìlà lẹ́bàá ọ̀nà, á sì padà lọ wẹ̀. Òkúta ẹni ló ń bá ẹni dúró. Ẹnìkan kì í fọwọ́ kan ti ẹnìkejì.

Àfi Lasina. Ọmọ ẹ̀yà Sámò ni, ẹ̀yà Mósì sì ni ọ̀pọ̀ nínú wa. Láti ayé àwọn baba ńlá wa ni Mósì àti Sámò ti ń bá ara wọn ṣẹ̀fẹ̀. Sámò á pe Mósì ní ẹrú òun, Mósì á pe Sámò ní ajorí-ajá, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ bínú. Èèwọ̀ ni. Lasina á jí pẹ́, á gbé òkúta Mósì tó wà níwájú lọ sẹ́yìn pátápátá, á fi tirẹ̀ sípò rẹ̀. Á ní ẹrú kì í wọkọ̀ ṣáájú olówó rẹ̀. A ó rẹ́rìn-ín. Kí la fẹ́ ṣe?

Ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò mọ̀ ni pé ìyá rẹ̀ ń ṣàìsàn. Opó ni, Lasina nìkan ló bí, ó sì ti wà ní ọsibítù ìgboro, nítòsí yunifásítì, láti oṣù méjì. Lasina ló ń gbé oúnjẹ lọ fún un láràárọ̀ kó tó lọ sí kíláàsì. Ká ní ó sọ fún wa ni, ọwọ́ ara wa la ì bá fi gbé òkúta rẹ̀ síwájú. Ṣùgbọ́n ojú ń tì í láti bẹ̀bẹ̀, ó sì rọrùn fún un láti fi ẹ̀fẹ̀ gbà á. Ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Lasina kò mọ ẹ̀sọ̀.

Wendyam, tí èmi àti ẹ̀ jọ ń gbé yàrá, ló jìyà jù. Nítorí òkúta rẹ̀ tí Lasina gbé, ó pàdánù ìdánwò kan. Ó rẹ́rìn-ín lójú gbogbo wa o, ṣùgbọ́n nígbà tó wọ yàrá, ó kọjú sí ògiri, kò jẹun. Bí ọ̀rọ̀ bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á fi rín. Oṣù tó tẹ̀lé e, Lasina sunkún wá sídìí bọ́ọ̀sì pé àbúrò bàbá òun kú. A fún un ní àyè iwájú. Nígbà tí a dé yunifásítì, ó jókòó ti abọ́ ẹ̀wà, ó ń fi wá rẹ́rìn-ín: irọ́ ló pa.

Bàbá Ki, ẹ̀ṣọ́ ilé wa, tí òun náà jẹ́ Sámò, pè é.

“Ọmọ mi, kí àlàáfíà lè wà ni wọ́n ṣe fún wa ní ẹ̀fẹ̀ yẹn. Ìwọ fi ń rẹ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ jẹ.”

“Baba, wọ́n kúkú ń rẹ́rìn-ín.”

“Kí ni wọn ì bá ṣe? Àṣejù, baba àṣetẹ́ ni o.”

Lasina dọ̀bálẹ̀ fún un, ó sì fi ọ̀rọ̀ náà ṣe yẹ̀yẹ́ fún wa nígbà tó dé ìta.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ kan, wọ́n pè é láti ọsibítù. Aago mẹ́jọ ni wọn yóò ṣiṣẹ́ abẹ fún ìyá rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó, ti ọmọ rẹ̀ ni wọ́n sì ń dúró dè. Nígbà tó sáré jáde, bọ́ọ̀sì ti fẹ́ kún. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ wá.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n wọlé. Màmá mi ń kú lọ.”

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Ẹnìkan bi í bóyá àbúrò bàbá yẹn ló tún kú. Ó na fóònù rẹ̀ sí wa, a kò wò ó. Ó kúnlẹ̀ nínú eruku, ó di ṣòkòtò Wendyam mú.

Wendyam ní, “Ajorí-ajá ń kúnlẹ̀ fún ẹrú! Ẹ wò ó dáadáa o, ẹ ò ní í rí irú ẹ̀ mọ́.”

A pàtẹ́wọ́. Wendyam wọlé, àyè tán, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Láti ojú fèrèsé ni mo ti rí i tó ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ọlọ́run ló mọ̀ pé mo rò pé ẹ̀fẹ̀ ni.

Bàbá Ki wá ọkọ̀ títí, kẹ̀kẹ́ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tó ń pọn omi nìkan ló rí. Lasina gùn ún díẹ̀, ó bọ́ sílẹ̀, ó sáré. Ó kọjá aago mẹ́wàá kó tó débẹ̀. Wọ́n ti fi aṣọ bo ìyá rẹ̀ lójú.

Gbogbo wa lọ sí ìsìnkú náà ní abúlé wọn. Bí Sámò bá kú, dandan ni kí Mósì wá ṣẹ̀fẹ̀ níbẹ̀. Bí a kò bá ṣe é, a ti tàbùkù òkú. Ọjọ́ méjì ni Wendyam ti fi sunkún, síbẹ̀ òun ni wọ́n yàn. Ó nà gbalaja sẹ́nu ọ̀nà níwájú pósí.

“Ẹrú wa ló kú yìí, kò sì gbàyè lọ́wọ́ wa. Ẹ ò ní í gbé e kọjá.”

Àwọn àgbà rẹ́rìn-ín. Lasina wo Wendyam nílẹ̀. Èèwọ̀ ni kó bínú. Ó la ẹnu, ó rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, omijé sì ń ṣàn wọ inú ẹnu tó là náà. Kò sí ohun tí èmi tàbí Wendyam lè ṣe fún un.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kàwé yìí, ẹ fi èyí kọ́gbọ́n. Ẹ má ṣe fi àwàdà gba ohun tí ẹ lè fi ẹ̀bẹ̀ gbà. Ẹni tí kò lè bínú sí yín kò ní kí ẹ máa rẹ́ òun jẹ, ẹni tó bá sì sọ ẹkún di eré kò ní rí ẹkún tí yóò sun lọ́jọ́ tó bá dé bá a. Àwa tí a sì ń wòran, bí aláwàdà bá kúnlẹ̀, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bi í léèrè kí a tó rẹ́rìn-ín.