Iná Tó Wà Lẹ́yìn Kọ́tìnì

"Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá, ẹ sún sẹ́yìn díẹ̀."

"Kí ló dé?"

"Ìbínú yín ń ta mí lójú."

"Ìbínú tèmi? Béèrè nínú ọgbà yìí. Mi ò gbóhùn sókè rí."

"Ìkòkò tí a dé lórí pàápàá máa ń hó."

"Mi ò pè ọ́ wá pa òwe. Inú ọpọlọ ni ìbínú wà, inú ẹ̀jẹ̀ ni. Kò sí agbára kankan tó ń tàn yí ara ènìyàn ká bí iná fìtílà. Irọ́ lò ń pa jẹun."

"Ẹ dán mi wò nígbà náà."

Ọ̀jọ̀gbọ́n kò sún sẹ́yìn. Ó ti fi ogún ọdún kọ́ni nípa iná mànàmáná ní yunifásítì náà. Òun ni wọ́n máa ń pè sórí rédíò tí wọ́n bá fẹ́ kí ẹnì kan já irọ́ àwọn oníwòsàn. Èyí tó jókòó níwájú rẹ̀ ni àwọn aláìsàn ń pè ní Aríná, nítorí ó ní òun máa ń rí ìbínú, ìbànújẹ́ àti ẹ̀rù lára ènìyàn bí àwọ̀ iná. Òwú tí wọ́n fi rán orí rẹ̀ kò tíì kúrò. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, lẹ́yìn tí Ọ̀jọ̀gbọ́n sọ̀rọ̀ tán lórí rédíò, àwọn kan ju òkúta wọ ilé Aríná, ọ̀kan sì bà á lórí.

Àdéhùn wọn kò lọ́jú pọ̀. Ìgbà méjìlá ni ìdánwò náà. Bí Aríná bá ṣì í lẹ́ẹ̀mẹta, yóò ti ilé ìwòsàn rẹ̀ pa títí ayé. Bó bá gba gbogbo rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n yóò fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé òótọ́ ni iná náà.

Kọ́tìnì dúdú kan pín yàrá ìwádìí sí méjì. Àpótí ìjókòó kan wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n yóò ju owó ẹyọ sókè. Bí owó náà bá fi ojú hàn, òun fúnra rẹ̀ yóò jókòó, yóò máa ronú ohun tó ń bí i nínú. Bó bá fi ẹ̀yìn hàn, Bàbá Ẹ̀rọ, tó ń tún ẹ̀rọ yàrá náà ṣe, ni yóò jókòó, tí yóò máa ronú oorun. Àwọn méjèèjì bọ́ bàtà, wọ́n lọ sẹ́yìn kọ́tìnì. Wọ́n fi òwú di Aríná létí. Gílóòbù kékeré kan yóò tàn lórí tábìlì nígbà tí ẹni tó kàn bá ti jókòó.

Ìyàwó Ọ̀jọ̀gbọ́n ni yóò máa kọ èsì; lẹ́yìn ìdáhùn kọ̀ọ̀kan, ọkọ rẹ̀ yóò sọ ẹni tó jókòó fún un. Ó wọ aṣọ alápá gígùn nínú ooru náà, ó sì so síkáàfù.

"Ọ̀gá," ni Bàbá Ẹ̀rọ wí, "ṣé a ò ní di màdáámù náà létí?"

"Nítorí kí ni? Kí ló mọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí? Ẹ bá mi ka ìyàwó mi mọ́ àga, Bàbá Ẹ̀rọ."

Ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín. Ìyàwó rẹ̀ náà rẹ́rìn-ín. Ohun kan ṣoṣo ni Aríná bẹ̀bẹ̀ fún: kí màdáámù jókòó síwájú kọ́tìnì, níbi tí òun ti lè rí ìwé tó ń kọ.

Orúnkún kan dún díẹ̀ lẹ́yìn kọ́tìnì, gílóòbù tàn. Ìyàwó náà fi ọwọ́ òsì tún síkáàfù rẹ̀ ṣe. Aríná kọjú sí kọ́tìnì títí.

"Iná wà."

Ó tún tàn. Ìyàwó náà mú bíírò rẹ̀ dání, kò mira.

"Iná ò sí."

Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kẹrin, Ọ̀jọ̀gbọ́n jáde wá tẹ̀ríntẹ̀rín, ó tú àpò Aríná wò. Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀keje, ẹ̀rín ti tán. Ó yọ òwú etí Aríná, ó fi bíírò ti òmíràn wọlé títí ẹ̀jẹ̀ fi yọ. Ìyàwó náà tún síkáàfù rẹ̀ ṣe.

Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kẹsàn-án, nǹkan kan dún gbà lẹ́yìn kọ́tìnì.

"Ìwọ arúgbó yìí lò ń ta á lólobó!"

"Ọ̀gá, mo fi ọmọ mi búra..."

Ó tún dún. Bàbá Ẹ̀rọ jáde, ó di ẹnu mú, ẹ̀jẹ̀ ń kán gba àárín ìka rẹ̀. Eyín kan wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

"Padà wọlé," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí. "Ó ku mẹ́ta."

Ẹ̀ẹ̀kẹwàá: iná ò sí. Nígbà kọkànlá, bíírò bọ́ lọ́wọ́ ìyàwó náà bó ṣe ń sáré gbé ọwọ́ lọ sórí, ó yí lọ sábẹ́ tábìlì. Iná wà. Nígbà kejìlá, Ọ̀jọ̀gbọ́n kò ju owó sókè, kò sì jókòó. Ó nàró lẹ́yìn kọ́tìnì, ó sé èémí. Orúnkún rẹ̀ dún díẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ìyàwó náà gbé ọwọ́ lọ síbi síkáàfù.

"Iná wà," ni Aríná wí. "Ó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ."

Kọ́tìnì já lulẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n fi irin kọ́tìnì gbá a lórí, ojú rírán là, ẹ̀jẹ̀ bo ojú Aríná.

"Báwo lo ṣe ń ṣe é?"

Aríná fi ọwọ́ di ojú rírán náà mú.

"Kà á," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n sọ fún ìyàwó rẹ̀, láìwẹ̀yìn.

"Méjìlá nínú méjìlá."

"Tún un kà."

"Méjìlá ni, Dádì."

Irin bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó jókòó, ó kọ ọ́ pé òótọ́ ni iná náà, ó sì buwọ́ lù ú. Bàbá Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀, ó mú irin náà nílẹ̀.

Aríná nu ojú rẹ̀, ó ka ìwé náà tán. Ó fà á ya sí méjì, ó kó o padà sórí tábìlì, ó sì lọ ṣí ilẹ̀kùn.

"Màdáámù," ó wí, "ẹ máa bọ̀."

Ìyàwó náà mú báàgì rẹ̀, ó kọjá níwájú rẹ̀, ó jáde. Ọ̀jọ̀gbọ́n gbé ẹsẹ̀ kan. Bàbá Ẹ̀rọ gbé irin sókè.

"Mi ò rí iná kankan rí láyé mi, ọ̀gá," ni Aríná wí bó ṣe ń jáde. "Ìyàwó yín ni mò ń wò, bó ṣe ń gbé ọwọ́ bo orí rẹ̀ nígbàkígbà tó bá gbọ́ pé ẹ̀yin ló kàn lẹ́yìn kọ́tìnì."