Aṣọ Tí Ujarak Bọ́ Lára Bàálù

Ẹ̀yin ará mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ jù ú sílẹ̀. Ẹ kà á dé ìsàlẹ̀ pátápátá, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni tí ọ̀pọ̀ èèyàn gbójú lé.

1.

Kò sí títì tó jáde ní abúlé wa ní àríwá Kánádà. Òkun dídì ló wà níwájú, yìnyín ló wà lẹ́yìn. Bàálù ló ń gbé oúnjẹ wọlé, òun náà ló ń gbé aláìsàn àti aboyún jáde. Tẹ́lẹ̀ rí, awakọ̀ bàálù mẹ́ta la ní. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ní gúúsù tan méjì lọ, ilé iṣẹ́ bàálù tiwa kò sì rí ẹni fi rọ́pò wọn. Ó wá ku Ujarak, ọmọ bíbí abúlé.

Wọ́n ń gbé Ujarak gẹ̀gẹ̀ bí ẹyin. Tí ọdẹ bá pa ẹran òkun, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ di ti Ujarak. Tí èrò bá tò ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á yà fún Ujarak. Díẹ̀díẹ̀, orí rẹ̀ wú. Ẹni tó bá bá a wí, ọ̀rọ̀ kan náà ni yóò gbọ́: "Tí mi ò bá sí, ta lẹ fẹ́ pè?"

Nígbà náà ni àbúrò rẹ̀, Pitsiula, lóyún. Bàbá wọn, Kallu, ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ni, ìyá wọn sì ti sọ pé orúkọ yẹn ni ọmọ náà yóò jẹ́. Lọ́dọ̀ wa, ọmọ tó bá jẹ́ orúkọ olóògbé, olóògbé náà ló padà wálé. Nítorí náà, Ujarak kì í wọlé kó má kúnlẹ̀ kí ikùn àbúrò rẹ̀.

"Bàbá, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ṣé ẹ sùn dáadáa?"

"Bàbá ní kí ẹ lọ bọ́ bàtà yín, Ẹ̀gbọ́n," Pitsiula á fèsì, "ẹ ti fi yìnyín rin gbogbo ilé."

Wọ́n á jọ rẹ́rìn-ín. Wọ́n ti fẹnu kò pé Ọjọ́ Ajé lẹ́yìn Àjíǹde ni Ujarak yóò gbé e lọ sí ọsibítù ìlú ńlá.

2.

Ní Ọjọ́ Ẹtì Rere, Ujarak balẹ̀ láti ìrìn àjò. Ní ilẹ̀ wa, bí bàálù bá balẹ̀, a gbọ́dọ̀ fi aṣọ tó nípọn bo imú rẹ̀, ká sì tan iná ìgbóná sábẹ́ aṣọ náà, kí ọ́ìlì inú ẹ́ńjìnnì má bàa dì. Ìyá Ujarak ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán aṣọ náà. Ṣùgbọ́n Ujarak ti ra alùpùpù orí yìnyín tuntun tí yóò fi sá eré ìje Àjíǹde lọ́jọ́ kejì. Ó kó aṣọ, ó kó iná, ó kó wọn fún alùpùpù.

Bàbá Tulugaq, alábòójútó pápá bàálù, figbe ta.

"Ujarak! O bọ́ aṣọ lára ìyàwó, o fi bo àlè!"

"Bàbá, bàálù ò ní fò títí di Ọjọ́ Ajé. Màá dá a padà tí n bá gba ife-ẹ̀yẹ tán."

"Ṣé ìwọ lo ń pín iṣẹ́ fún òtútù ni?"

"Ẹ fara balẹ̀, Bàbá. Tó bá dì, èmi náà ni màá tú u. Àbí ta lẹ tún fẹ́ pè?"

3.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, gbogbo abúlé wà lórí òkun dídì. Ujarak ló ṣáájú nínú eré ìje. Ó rí àwọn èèyàn tí wọ́n ń sáré bọ̀, tí wọ́n ń ju ọwọ́, ó rò pé òun ni wọ́n ń yọ̀ fún.

"Ujarak! Pitsiula ti ń rọbí! Ẹ̀jẹ̀ ń dà! Nọ́ọ̀sì ní kí o gbé e lọ kíákíá!"

Ó yí alùpùpù padà, ó forí lé pápá bàálù. Ẹ́ńjìnnì ti le bí òkúta. Bàbá Tulugaq ti ta àgọ́ bo imú bàálù, ó ti tan sítóòfù sínú rẹ̀.

"Ní sùúrù, ọmọ mi. Jẹ́ kó yọ́ díẹ̀díẹ̀."

Ujarak ò lè dúró. Ó lọ, ó bọ̀. Ó fọwọ́ kan irin, ó yọ ọwọ́. Ó jókòó, ó tún dìde.

"Bàbá mi ń bọ̀, ẹ ní kí n ní sùúrù!"

Ó fò wọ bàálù, ó ṣíná rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì wúkọ́. Ó tún ṣí i. Nǹkan kán nínú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì dákẹ́.

Ó sáré pe ìlú ńlá lórí fóònù. Obìnrin kan gbé e.

"Awakọ̀ kan ṣoṣo ló kù níbí. Àtàárọ̀ ló ti ń fò, òfin ní kó sùn kó tó tún gbéra. Awakọ̀ tiyín ńkọ́?"

"Èmi ni."

"Ìwọ kẹ̀? Ta wá lo fẹ́ ká pè?"

4.

Nọ́ọ̀sì gba ẹ̀mí Pitsiula là, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ọmọkùnrin tó bí kò ké. Nígbà tí bàálù ìlú ńlá dé, agogo Àjíǹde ti ń dún ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ujarak kúnlẹ̀ síbi tó ti máa ń kúnlẹ̀. Pitsiula gbé ọwọ́ lé e lórí.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "Bàbá dé ẹnu ọ̀nà. Kò rí ẹni ṣílẹ̀kùn."

Ẹnikẹ́ni ò bú u. Ilé iṣẹ́ bàálù gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọn ò sì rí ẹlòmíì rán wá. Ìgbà tó bá wu bàálù ló ń dé abúlé wa báyìí. Láràárọ̀, ẹ ó rí Ujarak ní pápá, tí ó ká aṣọ náà sí abíyá, tí ó ń lọ, tí ó ń bọ̀. Bàbá Tulugaq á bu tíì fún un, kò ní lè jókòó mu ún.

Ìwọ tó ń ka èyí, bóyá ìwọ nìkan ni nọ́ọ̀sì tí wọ́n ní, bóyá ìwọ nìkan ni awakọ̀ wọn, bóyá ìwọ nìkan lo ń bọ́ ilé. Má fi ṣe fọ́ńté. Bí kò bá sí ẹlòmíì tí wọ́n lè pè, kò sí ẹlòmíì tí ìwọ náà lè pè. Ṣe ìtọ́jú kékeré náà lónìí, má sọ pé ó dọ̀la. Àwọn àgbà ti wí i: ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko.