Ike Pupa ní Ṣọ́ọ̀bù Sakasaka

Nígbà tí Àrìnkẹ́ jáde opó ní ọdún 1991, ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni kó kó àwọn ọmọ rẹ̀ padà sí Ìlọrin. Ìsá, ọkọ rẹ̀ tó kú, ló ń tún ike ara alùpùpù ṣe ní Sakasaka, láàárín ìlú Tamale tí wọ́n ń gbé. Èyí tó bá ha, á fá a; èyí tó bá ti ṣú, á mú un dán. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ló ti ń ṣiṣẹ́. Àrìnkẹ́ kì í ṣe ju kó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ oníbàárà.

Alhaji Sàlíhù, àgbà ilé, pe ìpàdé nítorí kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù náà. Màmúdù, àbúrò Ìsá, tí òun náà ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn ní àdúgbò Kanvili, ò jẹ́ kí Alhaji parí ọ̀rọ̀.

"Ẹ fún mi ní kọ́kọ́rọ́, kí ìyàwó wa máa lọ sílé wọn. Kí ló mọ̀ nínú iṣẹ́ ike? Kò lè lo ọ̀sẹ̀ kan níbẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà ta Àrìnkẹ́ lára. "Ta ni ò lè lò ó? Alhaji, ẹ gbé kọ́kọ́rọ́ ọkọ mi fún mi!"

Alhaji ní kò burú, ó na kọ́kọ́rọ́ sí i. "Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó bá wọlé la máa fi mọ̀. Bí ẹni tó niṣẹ́ bá gbà á tayọ̀tayọ̀, ìwọ lo ni ṣọ́ọ̀bù. Bó bá ráhùn, Màmúdù ló ni ín, mi ò sì fẹ́ gbọ́ ẹkún."

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó wọlé ni ti Issahaku, àgbẹ̀ oníṣu kan ní Gumani. Alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ló fi ń wọ oko. Ẹ̀gún àti kùkùté ti ha gbogbo ike pupa ara rẹ̀, ó rí bí ohun tí ológbò fi èékánná ya. Ó tú ike náà sílẹ̀ fún Àrìnkẹ́, ó ní òun fẹ́ kó dán bí ìgbà tí òun rà á, ó lọ.

Àrìnkẹ́ wo ike, ike wo Àrìnkẹ́. Ó bu òrí sọ́wọ́. Kò tíì fi kàn án tí Màmúdù fi yọ lẹ́nu ọ̀nà, láìkí ẹnikẹ́ni.

"Òrí! Ẹ̀n-ẹ́n, òrí yẹn gan-an ló tọ́ sí i. Pa á kó o gbé e fún un. Kí lobìnrin tún lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ?"

Àrìnkẹ́ wò ó títí. Ẹni tó fẹ́ kí òun tẹ́ ló ń yin òrí yìí. Ó fi òrí náà pa gìgísẹ̀ ara rẹ̀, ó wá sáńpépà Ìsá jáde.

Lọ́jọ́ kejì, ó ń fá a ní gbígbẹ, eruku pupa ń wọ̀ ọ́ nímú, ìlà ara ike sì ń pọ̀ sí i. Màmúdù tún dé, ó ń rin pákò.

"Ohun tó o bá ṣe, má jẹ́ kí omi kàn án o. Bó o bá ń bomi sí i, tó o wá ń fá a lọ sápá kan ṣoṣo, ayé Issahaku bàjẹ́ nìyẹn."

"Ẹ ṣeun, ọkọ mi. Ẹ máa lọ sí Kanvili kí ewúrẹ́ má lọ jókòó sórí àga yín."

Bó ṣe kọ ẹ̀yìn ni Àrìnkẹ́ gbé korobá omi. Ó fá a lọ sápá kan títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà tí omi gbẹ, ìlà ò sí mọ́, ṣùgbọ́n ike náà funfun bí ara ọmọ tí wọn ò fi nǹkan pa nígbà ọyẹ́.

Màmúdù tún wá. Ó fi àtàǹpàkò ra ojú ike náà, ó wá nàka sí kọ̀rọ̀.

"Áyọ́nù eléèédú yẹn, mi ò fẹ́ gbọ́ pé o gbé e súnmọ́ ibí. Bí kò tiẹ̀ kàn án, bó jẹ́ pé ó kàn fẹ́ gba òkè rẹ̀ kọjá fẹ́ẹ́, màá pe Alhaji."

"Ẹ̀rù ló ń bà yín yẹn."

"Èmi? Kọ́kọ́rọ́ mi tó wà lọ́rùn rẹ ni kó o máa bẹ̀rù."

Àrìnkẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó finá sí èédú, ó gbé áyọ́nù, ó ń gbà á kọjá lókè ike náà láìjẹ́ kó kàn án. Funfun yẹn ń sá, pupa ń jáde bí ẹ̀jẹ̀ tó ń padà sójú ẹni tí àìsàn fi sílẹ̀. Ó fi ọṣẹ ìfọyín àti àkísà tútù fún un ní ìdán ìkẹyìn.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, gbogbo wọn pé. Issahaku bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó rí eyín ara rẹ̀ nínú ike.

"Kai! Wàláhì, ó ju ti ìgbà tí mo rà á lọ!"

"Àrìnkẹ́ ló ni ṣọ́ọ̀bù," ni Alhaji wí, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Àrìnkẹ́ yíjú sí Màmúdù. "Ọkọ mi, ẹ gbọ́ o. Ẹsẹ̀ yín ò gbọdọ̀ wọ ibí mọ́ láé. Ọ̀tá ni yín, ẹ fẹ́ kébi pa ọmọ ẹ̀gbọ́n yín."

Màmúdù wo ike náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó dé fìlà rẹ̀, ó lọ.

Issahaku, tó ń de ike mọ́ alùpùpù rẹ̀, gbójú sókè: "Kí ló dé tẹ́ ẹ lé e? Òun ló mà ní kí n gbé iṣẹ́ yìí wá bá yín. Nígbà tí mo bi í pé ṣé ẹ mọ̀ ọ́n ṣe, ó ní ẹ ò mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n kí n fọkàn balẹ̀, pé gbogbo ohun tó bá yẹ kẹ́ ẹ ṣe, òun á máa wá sọ fún yín pé kẹ́ ẹ má ṣe é."