Ibùjẹ Ẹran Tí Kò Ní Ìṣó

Oṣù kẹfà rèé tí ìyàwó gbẹ́nàgbẹ́nà ti lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwòsàn ńlá, kò sì sí ẹni tó mọ ohun tó gbé e lọ. Ọkọ rẹ̀ kò sọ, ni àwọn ará ìjọ bá bá a sọ ọ́. Wọ́n ní ìjà ni, wọ́n ní obìnrin náà kò ní í padà mọ́.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ, obìnrin tó jẹ́ olórí akọrin, ni ọ̀rọ̀ náà dùn jù. Ó fẹ́ràn ìyàwó yìí bí ọmọ inú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń múra orin Kérésìmesì, ó gbé ọmọ rọ́bà tí wọ́n máa fi ṣe Jésù sínú báàgì lọ sí ṣọ́ọ̀bù àbúrò rẹ̀. Ó bá a níbi tó ti ń fi sáńpépà ha inú ibùjẹ ẹran tí ìjọ fẹ́ lò. Àbúrò gba báàgì náà, ó fi kọ́ ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

"Kí ló dé tó o ń dán an bíi dígí?"

"Kó má baà gún un ni."

"Gún ta ni? Ọmọ rọ́bà?"

Àbúrò tún bẹ̀rẹ̀ sí í ha á. Kò kan ìṣó kankan mọ́ ọn, ńṣe ló ki pákó bọ inú ara wọn. Ẹ̀gbọ́n ní kó kùn ún lọ́dà, àbúrò ní òórùn ọ̀dà ti le jù.

Ẹ̀gbọ́n jókòó sórí àpótí. "Àbúrò mi, fi pákó sílẹ̀, lọ bẹ ìyàwó ẹ. Bí ẹ̀bi ò bá tiẹ̀ jẹ́ tìẹ, bẹ̀ ẹ́. A ò lè máa kọrin àlàáfíà kí ilé tiwa dá páropáro."

"Mo ń lọ síbẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi."

"Kí ló máa ń sọ?"

"Ó ní kí n máa ra ọsàn bọ̀."

Ẹ̀gbọ́n mirí. Obìnrin tó ń jẹ ọsàn ọkọ, tí kò sì wálé, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti kọjá ẹ̀bẹ̀. Ó sunkún díẹ̀, ó nu ojú, ó lọ.

Ìjọ yìí kì í kọrin Kérésìmesì lásán. Kí wọ́n tó kọ orin kan, ẹnì kan á dìde sọ ohun tó rí nínú rẹ̀. Nígbà tí alẹ́ orin náà pé, orin ọmọ tí kò rí ibùsùn ló bọ́ sọ́wọ́ gbẹ́nàgbẹ́nà.

"Ọdọọdún la ń kọ ọ́ pé ọmọ náà ò rí bẹ́ẹ̀dì sùn sí," ó ní, "a sì máa ń kọ ọ́ tẹ̀ríntẹ̀rín. Èmi gbẹ́nàgbẹ́nà, ojú ń tì mí. Ọmọ tí wọ́n ti ń retí látayébáyé, kò sẹ́ni tó gé pákó kan dè é. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pé kí ẹni tó ń retí tètè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, bí ojú ẹnikẹ́ni ò tiẹ̀ tíì rí nǹkan kan."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ẹnì kan sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé àìsílé ìyàwó ti sọ ọkùnrin yìí di oníwàásù.

Gbẹ́nàgbẹ́nà wọ yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ó gbé ọmọ náà jáde nínú aṣọ funfun, ó ń rìn bí ẹni gbé ẹyin. Ìjọ rẹ́rìn-ín. Ó rọra tẹ́ ẹ sínú ibùjẹ ẹran, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì gbé ọwọ́ sókè sí àwọn akọrin.

Ẹsẹ kejì ni wọ́n wà nígbà tí ọmọ inú ibùjẹ ẹran bú sẹ́kún, tí ìyàwó gbẹ́nàgbẹ́nà yọ láti yàrá ẹ̀yìn, tó ń tú bọ́tìnnì àyà rẹ̀, tó sì ní, "Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi, ebi ló ń pa ọmọ yín."