Èrò Pọ̀ Lọ́jà, Ojú-Àwòdì Kò Bèèrè

Ọkùnrin kan wà tí ojú rẹ̀ ń rí ohun tí ojú ẹlòmíì kì í rí, àmọ́ ẹnu rẹ̀ kò gba ìbéèrè. Àléébù rẹ̀ kan ṣoṣo nìyẹn. Ó gbà pé ẹni tó bá bèèrè ọ̀rọ̀ ti jẹ́wọ́ pé òun kò gbọ́n. Ojú-Àwòdì ni wọ́n ń pè é.

Ẹ jẹ́ ká fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀ ná: ọkùnrin yìí mọṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló ni ilé búrẹ́dì tó wà nísàlẹ̀. Yàrá kékeré òkè, níbi tí fúláwà ti máa ń bà lé orí kọ̀ǹpútà bí eruku, ni òun ti ń ṣe òwò àlìkámà fún un. Wọn kò rí àlìkámà náà sójú o. Àdéhùn ni wọ́n ń rà, pé ní oṣù báyìí, a ó gba àlìkámà ní iye tí a dá lónìí. Bí àlìkámà bá wọ́n kí oṣù náà tó pé, àdéhùn á mówó wọlé, ọ̀wọ́n fúláwà kò sì ní pa ilé búrẹ́dì lára. Bó bá já wálẹ̀, àdánù nìyẹn.

Iye owó nìkan ni àwọn ẹlòmíì ń wò. Òun a máa wo àwọn ọ̀pá tó tò sábẹ́ rẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà, èyí tó ń sọ iye àdéhùn tó pààrọ̀ ọwọ́ lójúmọ́.

"Bí owó bá gòkè tí ọ̀pá sì ga," ó máa ń wí, "èrò wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí owó bá gòkè tí ọ̀pá kúrú, ariwo lásán ni."

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Lọ́dún kan, àlìkámà fò sókè lójijì, gbogbo oníbúrẹ́dì àdúgbò sáré rà. Ojú-Àwòdì wo ọ̀pá, ó rí i pé wọ́n kúrú, ó káwọ́ gbera. Lọ́jọ́ kẹta, àlìkámà já lulẹ̀, àwọn tó rà ń ké yéè. Háà, orí ọkùnrin náà pé! Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gun àkàsọ̀ wá bá a tòun ti ìyẹ̀fun lọ́wọ́.

"Àbúrò mi, ojú yìí kò ní fọ́ o!"

Láti ọjọ́ náà ló ti fọkàn tán an pátápátá, tó fi jẹ́ pé owó ààrò tuntun pàápàá, ọwọ́ rẹ̀ ló kó o sí. Ààrò àtijọ́ ti lanu lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjì. Bó bá fi kú, ilé búrẹ́dì kú nìyẹn, òṣìṣẹ́ mẹ́jọ á sì relé.

Ní ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀pá àdéhùn oṣù kejìlá dìde. Lọ́jọ́ kìíní ó di ìlọ́po méjì, lọ́jọ́ kejì ó di ìlọ́po mẹ́rin, owó náà sì rọra ń gòkè. Ara Ojú-Àwòdì yá gágá. Ó pe alágbàtà tó ń bá wọn ra àdéhùn lórí fóònù, bàbá àgbàlagbà kan tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà kí wọ́n tó bí i.

"Bàbá, ẹ fi gbogbo owó wa ra ti oṣù kejìlá. Owó ààrò náà, ẹ fi kún un."

Bàbá wúkọ́. "O rí èrò. Ṣé o bèèrè ibi tí wọ́n ti ń bọ̀?"

"Bàbá, ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀pá."

"Mo mọ̀. O mọ̀ ọ́n kà jù mí lọ. Àmọ́ bí èèyàn bá rí èrò tó ru ẹrù lójú pópó, kó wádìí bóyá àlejò ló ń wọ̀lú ni, àbí ayálégbé ló ń kó lọ sílé kejì."

"Ẹ ṣáà bá mi rà á, ẹ jọ̀ọ́."

Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Bàbá mí kanlẹ̀, ó bá a rà á.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí kò bèèrè. Àdéhùn oṣù kẹsàn-án ló ń parí lọ́sẹ̀ náà. Àwọn tó wà nínú rẹ̀ ń tà á, wọ́n sì ń ra ti oṣù kejìlá dípò rẹ̀. Èrò àná náà ni, kò sí ẹni tuntun kan láàárín wọn. Ká ní ó ṣí ti oṣù kẹsàn-án wò fún ìṣẹ́jú kan péré, ì bá rí i pé bí ìkan ṣe ń kún ni èkejì ń ṣófo.

Lọ́jọ́ kẹrin, wọ́n kó tán. Ọ̀pá kúrú, owó àlìkámà bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀. "Á padà," ó ń dá sọ. Kàkà kéwé àgbọn dẹ̀, líle ló ń le sí i. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, alágbàtà pè é pé owó tó fi ṣe ìdúró fún àdéhùn náà kò tó mọ́, kó fi kún un kó tó di ọ̀sán, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọ́n á tà á. Kí ló fẹ́ fi kún un? Nígbà tó di ọ̀sán, ọjà ti gbé gbogbo rẹ̀ lọ, towó òwò towó ààrò.

Ó sọ̀ kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ sórí ìyẹ̀fun tó dà sílẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, gbogbo owó wa ti lọ. Ẹ bú mi."

"Ṣé kò sẹ́ni tó kìlọ̀ fún ọ ni?"

"Bàbá alágbàtà kìlọ̀ fún mi."

"Wọ́n kìlọ̀, o gbọ́, o sì rà á?" Obìnrin náà jókòó sórí àpò fúláwà, ó sunkún.

Oṣù kan kò pé tí ààrò là sí méjì. Òṣìṣẹ́ mẹ́jọ bọ́ aṣọ iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n relé. Ẹ̀gbọ́n tó ti ń pàṣẹ fáwọn èèyàn wá lọ ń po ìyẹ̀fun fún oníbúrẹ́dì mìíràn. Ojú-Àwòdì bá a lọ, ó ń ru àpò níbẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọ̀gá wọn tuntun bi obìnrin náà pé, "Ta lèyí?"

"Àbúrò mi ni," ó dáhùn. "Ọlọ́gbọ́n èèyàn ni. Kò sí iṣẹ́ tí kò lè ṣe."

Tọkàntọkàn ló fi sọ ọ́, kò fi ṣẹ̀sín rárá. Èyí ló dun Ojú-Àwòdì ju èébú lọ. Ó gbé àpò mìíràn lé èjìká, omijé ń dà lójú rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ mọṣẹ́ yín dunjú, ẹ̀yin ni mo ń bá wí. Ọ̀pá kò purọ́ fún ọkùnrin yìí, èrò pọ̀ lóòótọ́. Ohun tí ọ̀pá kò lè sọ ni ìdí tí wọ́n fi pọ̀, ìbéèrè ló sì ń tú irú ìdí bẹ́ẹ̀. Abèèrè kì í ṣìnà. Ẹ̀bùn yín lè tóbi bí òkè, bí kò bá ti gba ìmọ̀ràn, àwọn tó fẹ́ràn yín jù ló máa bá yín jẹ ìyà rẹ̀.